Ààlè Tí Màámi So sí Ọgbà Ìlú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìwọ́de náà, èmi nìkan ni mo wà nínú ọgbà ìlú pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n pariwo jù mí lọ lánàá ṣì wà lórí ẹní wọn. Ọ̀rá omi tí wọ́n mu tán kún gbogbo ilẹ̀, pátákó tí a kọ "Ẹ jẹ́ ká gba ayé là" sí ti dá sí méjì, ewúrẹ́ kan sì dúró lé e lórí, ó ń jẹ okùn tí a fi gbé e kọ́rùn. Mo bú ewúrẹ́ náà. Mo bú àwọn tó da ọ̀rá sílẹ̀. Nígbà tí n kò rí ẹlòmíràn bú mọ́, mo yíjú sí ara mi, nítorí ẹnu mi gan-an ló kó bá mi.

N ó sọ bó ṣe jẹ́. Bouaké, ìlú wa ní ìhà òkè Àbíjàn, wà lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ nígbà náà. Ìjọba ti kó lọ sí ìhà gúúsù, báńkì ti tìlẹ̀kùn, àwọn olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwa ọ̀dọ́ tí a ti ka ìwé díẹ̀ la kó ara wa jọ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́kọ́ọ̀lù, ilé ìwé wọn, láìgba owó oṣù. Bẹnẹfọ́ọ̀lù, ìyẹn olùyọ̀ǹda ara ẹni, ni wọ́n ń pè wá, orúkọ ńlá fún ẹni tí ebi ń pa. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Àdúgbò Belleville ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rán mi létí. Bàámi ń ta àgádágodo lọ́jà. Màámi ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: korobá, ọpọ́n, àti búùtà tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Anago ni gbogbo ìlú ń pè wá, títí kan èmi tí n kò tíì fojú kan Nàìjíríà rí.

Ẹgbẹ́ kan láti òkèèrè ló wá bá wa nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ń yí padà, pé àwọn ènìyàn káàkiri ayé fẹ́ ṣe ìwọ́de lọ́jọ́ kan náà, kí àwa náà má gbẹ́yìn. Kò sí ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ wọn létí wa. Òjò ti ń pẹ́ dé ní àwọn oko Botro, iṣu tó ń ti ibẹ̀ wá sọ́jà kò ju apá ọmọdé lọ, ọyẹ́ sì ti di àlejò tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. A bá wọn ṣe é. A kó àwọn ọmọ lẹ́kọ́ọ̀lù jáde, a kọrin, a rìn dé ọgbà ìlú, a sì gbin ogójì ọmọ igi tí ẹgbẹ́ náà kó wá: ọ̀gánwó, máńgòrò àti dóńgóyárò. A fi àgò ọparun bo ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ewúrẹ́. Bí a ti ń kó yẹ̀pẹ̀ bo ti ìkẹyìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni, ọmọbìnrin Bàúlé tí àwọn òbí rẹ̀ ń dáko ní Sakassou, tẹnu bọ̀ mí létí.

"Ta ní í gbin igi nígbà ọyẹ́?" ó ní. "Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣì wà níwájú."

"Dákẹ́," mo ní. "Àwọn àlejò á gbọ́."

Ẹ wo èmi. Ojú àwọn àlejò ni mo ń wò, n kò wo ojú sánmà.

Ìdajì ọgbà náà ti di ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù sí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọkọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ó di méjì, ó di márùn-ún, títí epo dúdú fi ń ṣàn dé ìdí bẹ́ǹṣì tí àwọn arúgbó máa ń jókòó lé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ nìkan ló kù ní àdúgbò wa tí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè ti sáré, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, láìsí ẹni tó gbé ìbọn dání nítòsí wọn. Kọ̀máńdàn tó ń ṣàkóso apá ìlú yẹn sì wá wo ìwọ́de wa fúnra rẹ̀. Ènìyàn gíga ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà gan-an ló ń dẹ́rù bani.

Ó wo àwọn ọmọ igi wa, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa kú. Tí wọ́n bá ti kú, ọkọ̀ mi á gba ìyókù ilẹ̀ yìí."

Àwọn tó kó ọmọ igi wá ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. N kò mọ ohun tó tì mí, mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni.

"Wọn ò ní kú, ọ̀gá."

Ó yíjú sí mi. "Ta ló máa tọ́jú wọn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Olùkọ́ ni mí. Ọmọ Anago tó ń ta àgádágodo lọ́jà."

Ẹ̀rín rẹ̀ wá pọ̀ sí i. "Ogójì ni ẹ gbìn," ó ní. "Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, mo máa padà wá kà wọ́n. Tí mo bá bá ogún láàyè, mo máa kó ọkọ̀ mi kúrò, ẹ ó gba ọgbà yín. Tí wọn ò bá pé ogún, ẹ má jẹ́ kí n gbúròó yín níbí mọ́."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Àwọn àlejò wa wọ ọkọ̀ wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kò sì tún rí wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì mi ló ní igi tirẹ̀, wọn a pọn omi láti inú kànga ẹ̀yìn ọgbà, wọn a bu ú sí i kí wọ́n tó lọ sílé. Àfi bí mo ṣe dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé àgò márùn-ún ti lọ. Ewúrẹ́ ti jẹ ohun tó wà nínú wọn dé ìdí. Lọ́jọ́ kejì, méjì míràn tún lọ. Èédú ti wọ́n nígbà náà, nítorí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà oko, ọparun gbígbẹ sì tètè ń ràn. Kò gba ọgbọ́n púpọ̀ láti mọ ibi tí àgò wa ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn kí n tó lọ sí kíláàsì. Ọgbà náà ni ọ̀nà àbùjá láti Belleville sí ọjà, gbogbo ayé ló ń gbà á kọjá. Mo mú obìnrin kan, Jùlá ni, ó ń din àkàrà ọkà tà láàárọ̀ ní ìtòsí ilé wa. Ó gbé àwo àkàrà lérí, ó fi ọparun igi wa há abíyá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé igi tí ẹ tú àgò rẹ̀ yìí ló máa fún yín ní ibòòji?"

"Lọ́dún wo?" ó bi mí.

Mo na ọwọ́ sí ọparun náà.

"Ọmọ mi, ìkòkò mi wà lórí iná lónìí." Ó gbé ọparun náà bọ́ sí abíyá kejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi gidigidi. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Màámi ló rí i pé n kò jẹun mọ́. Obìnrin kúkúrú ni, kò gbọ́ Faransé, "ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yín yẹn" ló sì máa ń pe gbogbo ohun tí a ń ṣe. Mo sọ fún un pé igi ti ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí ẹ ń pariwo sí gbogbo ayé létí," ó ní, "ṣé ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀?"

"Màámi, ẹ má dá kún ìṣòro mi."

"Gbọ́ mi ná. Nílé wa, tí ènìyàn bá di igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà tí kò tíì rí i rù, kò ní jókòó tì í bí ajá. Ààlè ló máa fi lé e. Tí olè bá rí ààlè, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí bàámi wà ní mọ́ṣáláṣí, màámi kó ẹrù kan sínú korobá, ó ní kí n ká lọ. Àjákù bàtà wà níbẹ̀, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, ìdajì ìgbálẹ̀, àti aṣọ pupa tó ti ṣá. Ó fi wáyà dì wọ́n ní ìdì mẹ́ta. Ó so ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ní ìhà Belleville, ó so ọ̀kan sí ti ìhà ọjà, ó sì fi wáyà gbé ẹ̀kẹta kọ́ ara ọ̀gánwó tó ga jù láàárín ọgbà. Ó ṣàlàyé ìtumọ̀ wọn fún mi bó ṣe ń so wọ́n. Ṣùkù yẹn ń wí pé kí ayé olè dà bí àgbàdo tí wọ́n jẹ tán tí wọ́n sọ nù. Ìkarahun ń wí pé kí ilé rẹ̀ ṣófo. Ó bi mí bóyá bàtà náà nílò àlàyé, mo ní rárá. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò sì kánjú rárá. Ẹnu rẹ̀ ń mì ní gbogbo àkókò náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti dé ọjà, ó ti dé ibùdókọ̀ Sakassou: Anago ti fi nǹkan sí ọgbà ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan nípa Bouaké. Bí wọ́n ṣe ń bá wa ṣòwò tó, bí wọ́n ṣe ń bá wa jẹun tó, wọ́n gbà pé oògùn Anago kì í ṣeré. Bàámi a máa bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn. Màámi ní tirẹ̀, n kò gbọ́ kó takò ó rí.

Ọparun kan kò sọnù mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà pàápàá kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ àwọn awakọ̀ wọn. Mo jó nínú yàrá mi. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi ará Sakassou pé a ti borí, pé kó wá wo nǹkan.

Kò wá. Èyí ló yẹ kó là mí lójú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, tí mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi tò kí a lọ bomi rin igi, kò sí ẹni tó dìde. Ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo halẹ̀ mọ́ wọn, pàbó ni. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síta, ó ju omi inú korobá rẹ̀ láti òkèèrè bí ẹni tó ń lé ajá, kò sì kan igi kankan.

"Ìwọ tó o ka ìwé!" mo ní.

"Mo ka ìwé," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò ka ti màmá rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà náà ṣe ṣófo. Àwọn tó ń gba àbùjá wá ń rìn yípo, ẹrù lérí, nínú oòrùn, wọ́n sì ń fi ojú bú mi. Àwọn arúgbó fi bẹ́ǹṣì wọn sílẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń pọn omi, pẹ̀lú màámi tí ó bá ti ọjà dé. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ń sán, omi tí mo bá bu lówùúrọ̀ kì í pẹ́ wákàtí kan lójú ilẹ̀. Ewé àwọn máńgòrò kọ́kọ́ wé, wọ́n wá di àwọ̀ ilẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó di mẹ́rìnlélógún. Olè kò pa wọ́n mọ́, òùngbẹ ló ń pa wọ́n.

Ilé pàápàá kò rọgbọ. Láti ọjọ́ tí bàámi ti gbọ́ nípa ààlè náà ni ó ti yan màámi lódì. "Ẹbọ ni!" ló sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì bá a sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Wọ́n á jókòó sínú yàrá kan náà, á ní, "Sọ fún ìyá rẹ kó gbé iyọ̀ wá." Màámi á ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé ó wà níwájú rẹ̀." Èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ka igi, tí mo bá méjìlélógún, mo wọlé, mo sì bú mọ́ màámi. Mo sọ pé ọgbọ́n ilé àtijọ́ rẹ̀ ti ba tèmi jẹ́. Mo sọ pé ká ní ó fi mí sílẹ̀ ni, ì bá sàn. Mo sọ pé ewúrẹ́ ṣàánú mi jù ú lọ. Ó ń ká aṣọ, ó sì ń ká a lọ, aṣọ kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí di òní, tí mo bá rántí ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ yẹn, ojú ń tì mí.

Bàámi jókòó sí igun yàrá, ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lára àgádágodo tí oníbàárà kan dá padà. Kò gbójú sókè.

"Sọ fún ìyá rẹ," ó ní, "pé àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àgádágodo mọ́. Ògiri ni."

Màámi fi aṣọ sílẹ̀. Ó wo bàámi fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i tí nǹkan kan ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀.

"Sọ fún bàbá rẹ pé mo gbọ́," ó ní.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé ike rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ní ìhà Belleville ló tẹ́ wọn sí. Ó to búùtà mẹ́wàá, ó pọn omi kún wọn. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó fi dá mi lóhùn kò ju "Gbé korobá yẹn" lọ. Mo bi í bóyá àwọn ènìyàn máa gbà.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n wá."

Nígbà tí àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ó gbé ohùn sókè ní èdè Jùlá ọjà tirẹ̀, èyí tí Yorùbá kún inú rẹ̀ bí òkúta inú ẹ̀wà. "Ẹ gbọ́ o! Ààlè yìí, ẹni tó bá wọlé lọ́wọ́ òfo ló ń mú. Ẹni tó bá bu omi sídìí igi, òun àti ààlè ti di ọ̀rẹ́. Kó gba inú ọgbà lọ, kó gbà á bọ̀!"

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Oòrùn ti ń mú. Nígbà náà ni obìnrin alákàrà ọkà yẹn, ẹni tó gbé ọparun wa lọ, sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ọrùn òun ti ń dun òun láti ọjọ́ tí òun ti ń rìn yípo, pé ohun tó bá máa mú òun kó wá mú òun. Ó gba búùtà kan lọ́wọ́ màámi. Ó wọlé, ó rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, ó dé ìdí dóńgóyárò kan tí kò ní àgò mọ́, ó da omi náà tán pátápátá. Ó dúró díẹ̀, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó padà wá gbé àwo rẹ̀, ó gba àárín ọgbà kọjá sí ọjà, ó sì ń fi ìdí jó lọ kí gbogbo wa lè rí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà là. Ní ọjọ́ yẹn wọn kò ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí, àwọn ènìyàn ti ń gbé omi bọ̀ láti ilé: ìyókù omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ìdajì omi inú ọ̀rá, omi agolo tí arúgbó kan gbé wá pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n kó lè padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi padà. Ọ̀rẹ́ mi ará Sakassou wá, ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi kí omi má baà tètè gbẹ. Ó ní òun ì bá ti sọ ọ́ tipẹ́, pé kò sí ẹni tó bi òun. Bàámi pàápàá ń gba ibẹ̀ bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Mo rí i tó ń ro ìyókù omi búùtà rẹ̀ sídìí máńgòrò kan.

"Omi àlùwàlá ni mò ń dà nù," ó sọ fún mi kí n tó lanu. "Èmi àti ààlè kò ní ọ̀rọ̀ kankan."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ fún màámi fúnra rẹ̀, láìrán mi, pé ọbẹ̀ náà dùn.

Òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ lọ́dún náà, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára pátákó wa pé yóò máa pẹ́. Igi méjì tún kú kó tó rọ̀, mo sunkún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó rọ̀ nígbẹ̀yìn, ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi rọ̀, ilẹ̀ sì ń rùn dídùn lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọkọ̀ kọ̀máńdàn dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ààlè wà, gbogbo wọn sì dúró bí ẹni tí odò dí mọ́. Ó wo àjákù bàtà tó ń mì lókè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Màámi dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé búùtà kan fún un, bí a ṣe ń gbé omi fún àlejò. "Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní.

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń sá fún gba búùtà náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó da omi sídìí igi àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń fi ìka tọ́ka, ìlú ń tẹ̀ lé e. Mo ń kà á nínú ara mi. Mo mọ iye wọn, síbẹ̀ n kò fo ọ̀kan.

"Mọ́kàndínlógún," ó ní, ó dúró níwájú èyí tó kù. Dóńgóyárò ni, òun gan-an ni obìnrin alákàrà bu omi àkọ́kọ́ sí. Kò ní ewé kan lára. "Èyí ti kú."

Ẹnu mi tó máa ń yá gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lẹ́kọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fi èékánná ha èèpo igi náà. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé ni.

"Kò kú, ọ̀gá," ó ní. "Ó ń sinmi ni. Tí ẹ ò bá gbà gbọ́, ẹ ha á wò."

Kọ̀máńdàn ha á. Ó wo èékánná rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò bẹ̀rù rẹ̀. "Ogún," ó ní. "Ọgbà yín nìyí."

Ariwo tó sọ ju ti ọjọ́ ìwọ́de lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, kọ̀máńdàn yíjú sí màámi, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ tú nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Màámi gun àpótí, ó tú u. Bó ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀, bàámi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé na ọrùn láàárín èrò.

"Háà! Bàtà mi!" ó ní. "Bàtà tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́!"

Àwọn ọmọ ogun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wọn ni gbogbo ọgbà.

Nígbà tí a ń kó ike lọ sílé, mo bi màámi ní ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló ń sọ lọ́jọ́ tó ń so ààlè náà, tí ẹnu rẹ̀ ń mì? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bí.

"Obì ni mò ń jẹ," ó ní.

Ó gba ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kó àwọn ọkọ̀ náà tán. Èmi ní tèmi rò pé ọ̀rọ̀ omi ti parí, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé bàtà bàámi lásán ni. Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo bá obìnrin alákàrà yẹn nídìí dóńgóyárò náà, ó gbé agolo omi dání.

"Ìyá, ààlè ti kúrò o," mo ní. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́." Ó rọra da omi náà tán. "Igi mi lèyí."

Ogun parí. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ olùkọ́ tó ní owó oṣù, iṣẹ́ náà sì gbé mi lọ sí Àbíjàn. Bàámi ló kọ́kọ́ jáde láyé, màámi tẹ̀ lé e. Ìlú Bouaké ni wọ́n sin wọ́n sí. Nígbà tí mo padà lọ ṣàdúrà fún wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ojú títì gbóná débi pé ó ń jó bàtà. Mo gba ọ̀nà àbùjá láti Belleville. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ní ibi tí màámi to búùtà sí. Ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Tàntí, ẹ má bínú," ó ní. "A kì í wọ ibí lọ́wọ́ òfo."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Mo ra omi kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé. Ọ̀gánwó àárín ọgbà ti ga ju òrùlé lọ, èèpo rẹ̀ sì ti gbé wáyà màámi mì, kìkì imú rẹ̀ tó ti dípẹtà ló yọ síta. Àwọn arúgbó jókòó lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo fi eyín já ẹnu ọ̀rá, mo da omi náà sídìí igi, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ bàtà mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.